Sí Mojísọ́lá, Tó Fẹ́ Mọ Bí Ènìyàn Ṣe Di Ènìyàn

Agége,
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ara wa le nílé. Mo mọ̀ pé ara tìrẹ náà le, nítorí lẹ́tà tí o kọ gùn, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè kọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan ní ilé àgbẹ̀bí, níbi tí mo ti ń dúró ti obìnrin kan tó ń rọbí, òun ń mí, èmi ń kàwé, títí ó fi bi mí pé, "Ìyá Àgbẹ̀bí, ṣé ìròyìn ayọ̀ ni?" Mo ní n kò tíì mọ̀.

Ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀ a kì í rí rélùwéè mọ́, a kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, kó tó yọ lójijì láti inú ìkùukùu. Gbogbo ènìyàn ń rìn bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Ó jọ pé irú ìgbà báyìí ló yẹ kí n kọ lẹ́tà yìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò mọ́ kedere nínú èmi fúnra mi. Mo ń fọwọ́ wá a kiri ni.

O ní ẹ ti dé ibi tí kálukú yóò ti yan ohun tí yóò kọ́ dópin. O ní orúkọ rẹ wà lára àwọn tó lè lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. O fẹ́ kọ́ nípa gbogbo ẹ̀dá tó ń mí, kí o lè ti ibẹ̀ mọ bí ènìyàn ṣe di ènìyàn láti ìgbà láéláé. O ní kí n má bínú. O ní kí n bá ọ bẹ bàbá rẹ.

N kò bínú. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ: mo sunkún. Láti ọjọ́ tí o ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń rí ọ lójú inú mi ní ilé àgbẹ̀bí wa, nínú yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn, tí o ń fọwọ́, tí èmi tí mo ti darúgbó jókòó sórí àpótí ìdáná, tí mò ń sọ fún àwọn aboyún pé, "Dókítà yìí, èmi ni mo bí i." Àlá mi ni. Mo ti ń lá a pẹ́. Kì í rọrùn láti jí.

Ti bàbá rẹ le ju tèmi lọ. Wọ́n ka lẹ́tà rẹ, wọ́n ká a, wọ́n tì í sínú Bíbélì. Ní ọjọ́ Àìkú, alàgbà ní kí ìjọ gbàdúrà fún "dókítà wa tó wà n'Ìbàdàn". Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Bàbá rẹ kò ṣe é. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, mo ní, "Bàbá Mojí, ẹ ò ṣe àmín."

Wọ́n ní, "Dókítà wo? Ṣé kí n ṣe àmín sí irọ́ ni?" Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, wọ́n tún ní, "Níbi tí ọmọ yẹn ń lọ, wọ́n á ní ọ̀bọ ló bí wa. Kí ni n ó wí fún ìjọ?"

Ọmọ yẹn. Odindi oṣù kan, wọn kò dárúkọ rẹ.

Nítorí èyí ni mo ṣe jókòó láti kọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. N kò kàwé bí tìrẹ. Ohun tí mo mọ̀, ibi àṣìṣe ni mo ti mọ̀ ọ́n, àwọn ni mo sì fẹ́ tò sílẹ̀ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́. Má ṣe yan iṣẹ́ nítorí aṣọ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kó wa kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agége nítorí òwò obì. Èmi àti àwọn ọmọbìnrin mìíràn jọ ń jókòó nínú búkà ńlá kan, a ń bó obì, a ń ṣà á, a ń fi ewé tútù wé e. Ọwọ́ wa máa ń pupa bí ẹni tó fi osùn kun ìka. Lójoojúmọ́ ni Màmá Rúùtù, tí í ṣe àgbẹ̀bí ìjọ nígbà náà, máa ń gba iwájú wa kọjá nínú aṣọ funfun báláú, fìlà funfun lórí, àpò awọ lọ́wọ́. Eruku Agége kì í bà á. Mo ní, irú ènìyàn báyìí ni mo fẹ́ jẹ́. Mo lọ kúnlẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá ìbímọ, mo rí ẹ̀jẹ̀, mo gbọ́ igbe, mo sì sá. Mo sá gba ẹ̀yìn búkà obì, mo lọ jókòó lẹ́bàá ojú irin. Aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún mi di aláwọ̀ ilẹ̀. N kò padà títí ọjọ́ kejì. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Màmá Rúùtù kò bá mi wí. Wọ́n kàn mú ìka mi, wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ nígbà tí mo sá lọ.

Ọmọ náà dì í mú. Àbẹ̀kẹ́, bí ọmọ ọjọ́ kan ṣe ń di nǹkan mú! Kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ojú rẹ̀ kò tíì ríran dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìka mi sókè díẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ́ bá mi gbéra nílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí ló ń dì mú? Ta ló kọ́ ọ?"

Wọ́n ní, "Bí gbogbo wọn ṣe máa ń wá nìyẹn. Èmi náà ti ń béèrè láti ìgbà tí mo wà bí tìrẹ. N kò tíì rí ẹni dá mi lóhùn."

Ìbéèrè yẹn ló mú mi dúró sídìí iṣẹ́ yìí. Aṣọ funfun kò mú mi dúró. Nígbà tí mo wá ka lẹ́tà rẹ, tí o kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ìgbà tí irun ti bo ara àwọn ìyá ni dídi-nǹkan-mú yìí ti wá, tí ọmọ ní láti di irun ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin kó má baà jábọ́, mo gbé ìwé náà lé itan. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ronú gbogbo ọmọ tó ti di ìka mi mú, mo sì wò ó pé bóyá kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wá. Bóyá ìyá kan ni wọ́n ń wá, tí ó ti lọ tipẹ́, tí irun rẹ̀ gbóná, tó ń rìn nínú igbó kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ rí.

Nítorí náà, iṣẹ́ dókítà dára, ó sì ní aṣọ funfun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí o simi, tí o ń bá a jẹun, tí o ń bá a wẹ̀, ìyẹn ni kí o tẹ̀ lé. Ọjọ́ ń bọ̀ tí iṣẹ́ náà yóò sú ọ. Ìbéèrè náà ni yóò bá ọ jókòó ní ọjọ́ yẹn.

Èkejì. Èyí ló nira fún mi láti kọ.

O kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n ń la pápá ọkọ̀ òfuurufú n'Ìkẹjà ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wá láti ibi gbogbo. Obìnrin kan wà nínú àgbàlá tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn wa, ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́lẹ̀ ní pápá náà. Ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó bímọ sí wa lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin. Nígbà tí mo yí ọmọ náà dojú délẹ̀ láti nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lókè ìdí. Ìrù ni. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ, kò ní egungun nínú, ó rọ̀ bí etí.

Màmá Rúùtù rí ojú mi. Wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n sì sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ohun tí a rí nínú yàrá yìí, kò gbọdọ̀ bá wa jáde."

Mo gbọ́. Síbẹ̀, ó bá mi jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣa obì tẹ́lẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún, ẹnì kan péré, mo sì mú kó búra. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo Agége ti gbọ́. Wọ́n ní ìrù náà gùn dé ilẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà ń fi í lé eṣinṣin. Àwọn obìnrin kò fa omi nínú kànga mọ́ bí obìnrin náà bá ti kọ́kọ́ fà á. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ènìyàn mẹ́rin ló wá. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Sùnkànmí. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn ọkùnrin kan nínú ìjọ lọ bá wọn pé kí wọ́n kó kúrò nítòsí ilé Ọlọ́run. Obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ wọ rélùwéè ọ̀sán ọjọ́ náà. Mo wà lẹ́yìn búkà obì, mò ń wo rélùwéè náà bí ó ṣe ń gbé wọn lọ. N kò jáde sí wọn.

Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n nìyí, ọmọ mi. Bí o bá rí ohun tí kò yé ọ, wò ó pẹ́. Wò ó títí yóò fi dẹ́kun láti dẹ́rù bà ọ́, lẹ́yìn náà kí o tó sọ ọ́. Àwọn egungun ẹni àtijọ́ tí ẹ ó máa gbé lọ́wọ́, ẹnì kan ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Má ṣe fi wọ́n pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta. Ọdún méje ni mo fi gbé e sínú. Màmá Rúùtù kú, wọ́n fi èmi sípò wọn, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ lẹ́nu oníṣòwò kan pé Ìfọ̀ ni Ìyá Sùnkànmí wà. Ṣé o rántí ọjọ́ tí a wọ rélùwéè lọ sí Ìfọ̀, tí o wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, tí o ń ka àwọn òpó wáyà lójú ọ̀nà? O rò pé ọ̀rẹ́ mi kan la lọ kí. Ọmọkùnrin tí ẹ jọ ń sọ òkúta sí igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, tí o ní ó mọ òkúta sọ jù ọ́ lọ, Sùnkànmí nìyẹn.

Bí ẹ ti jáde tán, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó wò mí pẹ́.

Ó ní, "Ìwọ ni ọmọ ẹ̀yìn Màmá Rúùtù."

Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá. Èmi ò sọ ọ́, Màmá ò sì lè sọ ọ́." Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ lórí àtẹ. "Ẹnu rẹ kọ́ ló dùn mí jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó nínú yàrá yẹn, tí mò ń rò pé o ó wọlé wá, o ó ní, 'Báwo lara ọmọ?' O ò wá."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Òun ló tún bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní àwọn gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù kan l'Ábẹ́òkúta. Dókítà kan, àgbàlagbà òyìnbó, yẹ̀ ẹ́ wò, kò bẹ̀rù, kò kígbe, ó gé nǹkan náà kúrò bí ẹni gé òwú létí aṣọ. Ó sì sọ fún un, olùtumọ̀ ń bá a túmọ̀ rẹ̀, pé gbogbo ọmọ ló máa ń ní in nínú oyún níbẹ̀rẹ̀, pé ó máa ń wọlé padà ni kí wọ́n tó bí wa, pé ti Sùnkànmí kàn gbàgbé láti wọlé. Ó ní kí obìnrin náà fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ara rẹ̀, kó rí egungun kékeré tó kù síbẹ̀.

Ìyá Sùnkànmí ní, "Mo fọwọ́ kàn án. Mo sì sunkún nínú ọsibítù yẹn, nítorí pé wọ́n lé mi nílé lórí ohun tí gbogbo àwọn tó lé mi náà ní."

Lẹ́yìn náà ó bu oúnjẹ fún wa. Ìwọ jẹ ẹ́ tán, o tún tọrọ.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé kí o máa lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí o bi í. Àwọn tí ìwọ fẹ́ mọ̀ nípa wọn ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, o kò lè wọ rélùwéè lọ bá wọn. Nítorí náà, má ṣe gbàgbọ́ pé o mọ̀ wọ́n tán. Bí olùkọ́ kan bá sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, gbọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò burú.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú rélùwéè, mo mú ọwọ́ rẹ, mo fi kan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ, mo ní, "Ṣé o mọ egungun yìí? Ìrù wa ni, ó ti wọlé." O tún fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. O wá bi mí sókè, gbogbo ọkọ̀ ń gbọ́, pé, "Màmá, ta ni tirẹ̀ kọ́kọ́ wọlé?"

Mo gbá ọ lẹ́nu. Mo ní kí o panu mọ́, àwọn ènìyàn ń gbọ́. O yí ojú sí fèrèsé, o kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Agége. Àṣìṣe mi ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn, ó sì lè jẹ́ òun ló tóbi jù. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ lónìí. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Má gbá a lẹ́nu.

Láti ìgbà náà, nígbà tí obìnrin kan bá ń rọbí tí kò tíì tó àkókò, mo máa ń wo ojú irin láti ojú fèrèsé, mo máa ń to àwọn ìyá. Mo máa ń fi ara mi sí ibùdó Agége níhìn-ín. Mo fi ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ mi, kó di ọwọ́ mi mú. Ìyá ìyá mi di ọwọ́ tirẹ̀ mú. Ìyá tó bí ìyẹn. Mo ń tò wọ́n lọ lẹ́bàá ojú irin, kọjá Ìfọ̀, kọjá Abẹ́òkúta, kọjá Ìbàdàn níbi tí o wà. Títí dé Ọ̀ṣogbo, mo ṣì gbọ́ èdè wọn. Nígbà tó bá fi máa dé Ìlọrin, ọ̀rọ̀ wọn ti ń ṣòro gbọ́. Ní Jẹ́bà, létí odò, wọn kò wọ aṣọ, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì jọ ojú wa. Mo ń rìn lọ, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yíjú wò mí. Mi ò mọ ibi tí ojú wọn ti máa ń yí padà. Ìyá kọ̀ọ̀kan jọ ọmọ rẹ̀. Kò sí ibì kan tí mo ti lè dúró kí n sọ pé, ìwọ kì í ṣe ara wa mọ́. Nígbà tí mo bá fi máa dé Kánò, ìkùukùu ti bo gbogbo rẹ̀, mo kàn ń gbọ́ mímí wọn ni. Ibẹ̀ ni obìnrin tó wà lórí ibùsùn ti máa ń pè mí pé, "Ìyá Àgbẹ̀bí, ó ti ń bọ̀."

Nípa ti ìgbàgbọ́, mo fẹ́ kí o mọ èyí. Mo ti jókòó ti obìnrin fún ọjọ́ méjì gbáko kí orí ọmọ tó yọ. Ọlọ́run tí mo mọ̀ níbi iṣẹ́ mi kì í kánjú rárá. Bí àwọn olùkọ́ yín bá ní ó pẹ́ kí ènìyàn tó di ènìyàn, ó pẹ́ ju bí ọkàn ṣe lè gbé e lọ, kò yà mí lẹ́nu. Máa gbàdúrà rẹ. Má sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn kí o máa bá àwọn àgbà jiyàn. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n mọ̀ jù ọ́ lọ, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n gbé ọ jó nígbà tí o kéré.

Jẹun dáadáa. Wọ súwẹ́tà láàárọ̀, ọyẹ́ Ìbàdàn le ju tiwa lọ. Bí ọkùnrin kan bá ń fi ìbéèrè rẹ ṣe ẹ̀fẹ̀, má fẹ́ ẹ, bó ti wù kó rẹwà tó.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbi iṣẹ́ n'Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà Àgídìngbì. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báyìí irin àti pákó ló dúró níbi tí igi wà. A jókòó sórí pákó. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà, mo ní, "Bàbá Mojí, ẹ rántí obìnrin tó bí ọmọ tó ní ìrù?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ wọn. "Kí ló mú ọ rántí ìyẹn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ẹnu mi, Ìfọ̀, ọ̀rọ̀ dókítà. Wọn kò wò mí. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ìwọ sọ ọ́. Èmi wà lára àwọn tó lọ lé e. Èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ dé ibùdó rélùwéè. Ọmọ náà ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, mo sì ń kọrin ìyìn lọ, mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń jẹ́."

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, Àbẹ̀kẹ́. A ti jọ ń sùn nínú yàrá kan láti ọdún wọ̀nyí, kálukú sì gbé ìdajì ọ̀rọ̀ kan náà pamọ́ fún ẹnì kejì.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Dókítà yẹn ní gbogbo wa?"

"Gbogbo wa."

"Èmi náà?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀gún ti gún un. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò jẹ́ kí n rín.

Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ibo ni wọ́n ti ń kọ́ni ní irú èyí?"

Mo ní, "Ibi tí ọmọ yẹn fẹ́ lọ ni."

Wọ́n ní, "Mojísọ́lá ni orúkọ rẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Mo dá lẹ́tà dúró lánàá nítorí aboyún kan. Obìnrin ló bí, wọ́n wà dáadáa. Nígbà tí mo délé láàárọ̀ yìí, bàbá rẹ ti wọ aṣọ ìsìn wọn, bẹ́ẹ̀ òní kì í ṣe ọjọ́ ìsìn. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo rí wọn tí wọ́n dojú kọ ibùdó rélùwéè, n kò sì béèrè.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n wọlé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Mo dé Ìfọ̀. Ọmọ náà ti ga jù mí lọ. Ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀."

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní kí n jókòó. Mo ní rárá, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní, èmi ni mo ru àpótí yín lọ́jọ́ náà. Ó wò mí. Ó ní, 'Ẹ rù ú dáadáa. Nǹkan kan kò fọ́ nínú rẹ̀.'" Bàbá rẹ fi ọwọ́ nu ojú. "Kó bú mi ni mo bá lọ. Kò bú mi."

Wọ́n ti lọ mú lẹ́tà rẹ jáde nínú Bíbélì báyìí, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí, wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn nísàlẹ̀.

Èmi ti tú àlá tèmi sílẹ̀, ọmọ mi. Lọ lá tìrẹ. Kí Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́ máa ṣọ́ ọ bí o ti ń wá ipasẹ̀ rẹ̀ kiri.

Èmi ni ìyá rẹ, tó kọ́kọ́ gbé ọ.

Mojísọ́lá, èmi bàbá rẹ ni mò ń kọ èyí fúnra mi. Ìyá rẹ ti kọ púpọ̀, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Yan èyí tí ọkàn rẹ fẹ́. Èmi yóò bá ìjọ sọ̀rọ̀ lọ́la. Mo dé ibì kan nínú lẹ́tà rẹ, ojú mi kò kúrò níbẹ̀ mọ́. O ní ẹnì kan wà nígbà láéláé tó kọ́kọ́ dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Nígbà tí ìwọ ń kọ́ ìrìn nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, o ti rí èmi àti ìyá rẹ tí a ń rìn kí o tó dán an wò. Òun ńkọ́? Ta ni òun rí? Bí o bá kà á níbì kan, kọ̀wé sí mi. Mò ń retí rẹ̀.